Kì í ṣe àwa ọlọ́jà ló mú oúnjẹ wọ́n, odò ni kẹ́ ẹ wò



A rí ohun táwọn kan ń kọ síbí, pé àwa tá à ń ta oúnjẹ là ń kó ìrẹsì pamọ́ kó lè wọ́n. A ò bínú. Àmọ́ ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kó tẹ̀ lé wa dé etí odò nígbà òjò, kó wá fi ibi tá a kó o pamọ́ sí hàn wá. Oko àkùrọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìrẹsì tá à ń rà ti ń wá. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá tó yẹ kó máa gbó, ìgbà yẹn gan-an lodò ń kún. Àgbẹ̀ tá a ti sanwó sílẹ̀ fún, tí omi gbé oko ẹ̀ lọ, ṣé ká fi ọlọ́pàá mú un ni? Owó wa ti bómi lọ nìyẹn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́jà, ó di dandan kó wọ́n.

Cameroon kọ́ dáàmù Lagdo sórí odò yìí, wọ́n parí ẹ̀ ní 1982. Ohun tí wọ́n ní a máa ṣe ni pé kí Nàìjíríà náà kọ́ tiwa sí Dasin Hausa ní Adamawa, kó lè gba omi tí Lagdo bá tú sílẹ̀. Títí dòní, kò sí. Omíyalé 2012 dé, ó lé àwọn èèyàn kúrò nílé ní Makurdi níbí. Ti 2022 dé, ó pa èèyàn tó ju 600 káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n á kàn máa kéde lórí rédíò pé Cameroon fẹ́ ṣí dáàmù, kí ará etí odò sá. Ìkéde ò lè dí omi. Ẹlòmíì á ní òjò tiwa gan-an ló pọ̀ jù, kì í ṣe Lagdo nìkan. Òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló fi yẹ ká ní dáàmù: omi tó ń ba oko jẹ́ lóṣù kẹsàn-án, òun náà ló yẹ kí wọ́n máa fi bomi rin ín lóṣù kejì. (Àwọn tó ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà ní Wadata, ọ̀rọ̀ tiyín náà ń bọ̀.)

Bọ́dà nìkan nìjọba mọ̀. Oṣù kẹjọ 2019 wọ́n tì í, wọ́n ní ká jẹ ìrẹsì tiwa. Oṣù kejìlá 2020 wọ́n ṣí i. Nígbà tó di oṣù keje 2024, ìjọba tó dé lẹ́yìn wọn ní kí wọ́n kó ìrẹsì, àgbàdo àti ẹ̀wà wọlé fún 150 ọjọ́ láìsan owó aṣọ́bodè. Àgbẹ̀ tí omi ò pa lára, ọjà òkèèrè á pa á lára.

Èyí tó ń dùn wá jù lohun tá à ń gbọ́ nípàdé: "Àlejò ni wá, ẹ jẹ́ ká dákẹ́." Àlejò wo? Àwọn ọmọ wa tá a bí síbí ń sọ Tiv ju Yorùbá lọ. À ń sanwó orí, à ń dìbò. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ìpàdé tó ń bọ̀ kọ lẹ́tà sáwọn aṣòfin tó ń ṣojú Benue l'Ábújá, ká bi wọ́n léèrè Dasin Hausa, ká sì pe àwọn ọlọ́jà Tiv àti Idoma kí wọ́n bá wa fọwọ́ sí i. Owó bébà àti owó ọkọ̀, àwa ọlọ́jà ìrẹsì á san án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pè wá ní akóúnjẹpamọ́, ẹ ṣáà wá fọwọ́ sí i.