Ọmọ Yín Kì í Ṣe Olódo, Ẹ Jẹ́ Kó Fojú Rí Ìṣirò

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ọ̀rọ̀ ìṣirò la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má tíì ṣí ìwé sí ojú kejì, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Àìmọye ọmọ ló wà nílẹ̀ yìí tí wọ́n ti sọ fún pé olódo ni. Kí ló ṣe? Kò mọ ìṣirò, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní jíómẹ́tìrì. Orúkọ burúkú náà á lẹ̀ mọ́ ọn títí tí yóò fi gba pé òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ di dókítà tàbí ẹnjiníà, kò lè fo ìṣirò kọjá. Ẹ gbọ́ o, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe olódo rárá. Ohun tí wọn ò fojú rí rí la ní kí wọ́n há sórí!

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Tíṣà á fi ṣọ́ọ̀kì ya róbótó kan sójú bọ́ọ̀dù, á ní: "Igun tó wà láàárín róbótó, ìlọ́po méjì èyí tó wà létí rẹ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Wọ́n kọ ọ́, wọ́n há a. Lọ́jọ́ ìdánwò WAEC, wọ́n dorí àwòrán náà kodò, ó parí! Àwòrán kan ṣoṣo lọmọ mọ̀. Ẹ̀bi tíṣà kọ́ o, àwòrán ojú bọ́ọ̀dù kì í rìn.

Èyí tó ń rìn ti wà. GeoGebra ni wọ́n ń pè é. Markus Hohenwarter, ọmọ ilẹ̀ Austria, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2001, nígbà tó ń kàwé ní Yunifásítì Salzburg. Ọ̀fẹ́ ni fún tíṣà àti ọmọ iléèwé. Fóònù tẹ́ ẹ ń tìtorí ẹ̀ bá ọmọ jà yẹn náà gbà á. Ẹ ó ná dátà láti gbé e sórí fóònù o, àmọ́ tó bá ti wọlé, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kọ́mọ dán èyí wò. Kó ya róbótó kan, kó pe àárín rẹ̀ ní O. Kó fi àmì A, B àti C sí etí rẹ̀, kí C wà lápá tó gùn. Kó fa ìlà láti O lọ sí A àti B, kó tún fa ìlà láti C lọ sí A àti B, kó wá wọn igun méjèèjì. Bí ti O bá jẹ́ 100 dígírì, ti C á jẹ́ 50. Kó fi ìka wọ́ C lọ, kó wọ́ ọ bọ̀ lápá ibẹ̀: kò ní kúrò ní 50! Kó wá wọ́ A títí ìlà AB yóò fi gba orí O kọjá: O á di 180, C á di 90. Òfin méjì tí wọ́n ń há lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àṣé ọmọ ìyá ni wọ́n!

Ìròyìn ò tó àfojúbà. Bíríkìlà tó ń fi okùn ẹsẹ̀ bàtà 3, 4 àti 5 mú igun ilé tọ́, ṣé ìwé Pythagoras ló há ni? Ojú rẹ̀ ló fi rí i, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Fóònù ò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ tíṣà. Ọmọ lè rí i pé bó ṣe rí nìyẹn, kó má mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìdí yẹn, tíṣà ni yóò bá a wá a. Gbọ̀ngàn ìdánwò náà ò gba fóònù, kọ́ńpáàsì, rúlà àti pẹ́ńsùlù ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Bó bá wò ó tán, kó yà á sínú ìwé.

Ẹ̀yin tíṣà, bó bá jẹ́ fóònù yín nìkan ló wà, ẹ pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Ẹ bi wọ́n pé: "Bá a bá wọ́ C kọjá B ńkọ́?" Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ èrò wọn kẹ́ ẹ tó wọ́ ọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun, ẹ yé pe ọmọ lólódo. Ẹ gbé fóònù náà fún un lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ jókòó tì í. Bó bá ṣe lọ sí, ẹ kọ̀wé sí wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.