Kẹ̀kẹ́, ìbọn ìléwọ́ àti físà: Ẹ ro ó dáadáa kí ẹ tó rà á

Láti ọjọ́ mélòó kan, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ń fi ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ jáde láàárọ̀. Ìbọn ìléwọ́ kékeré wo ló dáa kí n máa gbé sára?"

Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn nínú. Orúkọ ìbọn ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun mẹ́ta ló ṣáájú rẹ̀: irú ìwé ìgbélùú tí ẹ ní, ọ̀nà tí ẹ máa gbà, àti ojú tí ọlọ́pàá máa fi wò yín.

Mi ò ní fi ìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, àwọn aláwọ̀ funfun mẹ́ta lé Ahmaud Arbery, ọmọ ọdún 25 tó ń sáré ìdárayá nítòsí Brunswick ní Georgia, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ilé ẹjọ́ dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́bi ní 2021, àmọ́ ìdájọ́ ò jí òkú. Ẹni tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tó ń dá nìkan gun kẹ̀kẹ́ ládùúgbò tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ó ní ìdí láti máa wẹ̀yìn wò.

Ọ̀rọ̀ ìbọn àti kẹ̀kẹ́ ò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní àwọn ọdún 1890, oníṣẹ́ ìbọn kan ní Faransé tó ń jẹ́ Galand ṣe ìbọn ìléwọ́ kékeré kan tí wọ́n pè ní Velo-dog. Orúkọ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ orúkọ ajá, torí pé ajá tó ń lé àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń ki ọta oníata tàbí oníkóòkì sínú rẹ̀, kí ajá lè sá láìkú. Ìbẹ̀rù ọjọ́ yẹn ò yàtọ̀ sí tòní. Òfin tó yí i ká ló ti di igbó kìjikìji.

Ẹ kọ́kọ́ wo físà yín

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà á léèwọ̀ fún ẹni tó bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀ láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́. Físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 wà nínú ẹ̀. H-1B wà nínú ẹ̀. Físà ìbẹ̀wò náà wà nínú ẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ti kú ńkọ́? Èèwọ̀ ni fún òun náà. Àwọn àyọkúrò díẹ̀ wà lóòótọ́, bíi ti ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ ṣíṣe lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn wọ ṣọ́ọ̀bù oníbọn láì tíì bá lọ́yà tó mọ òfin ìgbélùú sọ̀rọ̀. Láti 2022, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 15 ló wà nídìí ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ Rehaif. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni Hamid Rehaif bá dé Amẹ́ríkà. Máàkì rẹ̀ ò dáa, yunifásítì lé e. Lẹ́yìn náà, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn ní Florida, ó yin ìbọn méjì. Kò jalè, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Síbẹ̀, wọ́n fi í jẹ́jọ́, wọ́n sì dá a lẹ́wọ̀n oṣù 18. Ní oṣù Kẹfà 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé e, ó ní ó yẹ kí ìjọba fi hàn pé Rehaif mọ̀ pé ìwé òun ò pé mọ́. Àwọn kan ti ń fi èyí ṣe àwíjàre. Ẹ fara balẹ̀. Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú ìwé tí ẹ ní. Kò sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ mọ òfin. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ni ò mọ̀ pé físà akẹ́kọ̀ọ́ lòun ní lọ́wọ́?

Ẹni tó ní gíríìn káàdì lè ra ìbọn. Àmọ́ bí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi lórí ẹ̀sùn ìbọn, wọ́n lè lé e kúrò nílùú. Ọmọ onílùú tó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà á ṣẹ̀wọ̀n tán, á padà sílé rẹ̀. Tiyín lè parí sí pápákọ̀ òfurufú.

Kẹ̀kẹ́ ò mọ ààlà

Ká ní ìwé yín pé, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ó kan ọ̀nà. Nínú ẹjọ́ Bruen ní 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ẹ̀tọ́ aráàlú ni láti gbé ìbọn ìléwọ́ jáde fún ààbò ara rẹ̀. Texas tiẹ̀ ti ṣáájú: láti oṣù Kẹsàn-án 2021, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pé ọdún 21 ò nílò ìwé àṣẹ mọ́. Ṣùgbọ́n Maryland, New York àti New Jersey ṣì ń béèrè ìwé àṣẹ, New Jersey ò sì ka ti ìpínlẹ̀ mìíràn sí. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ láti Philadelphia gba orí afárá Ben Franklin, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fi dé Camden ní New Jersey. Ohun tó bófin mu ní ìbẹ̀rẹ̀ afárá ti di ẹ̀wọ̀n ní òpin rẹ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rárá ni ti ilé ìwé. Òfin àpapọ̀ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ìbọn dé ibi tí ò tó ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí ilé ìwé, ìyẹn nǹkan bíi mítà 300. Lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ ni ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ tí ilé ìwé náà wà. Nítorí náà, ará Houston tó ń gbé ìbọn láìní ìwé kankan torí pé Texas ò béèrè, ó lè rú òfin àpapọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá gba iwájú ilé ìwé kọjá. Kẹ̀kẹ́ wo ló fẹ́ rìn káàkiri ìlú fún wákàtí kan tí ò ní kọjá nítòsí ilé ìwé? Bí ẹ bá máa gbé ìbọn rárá, ẹ gba ìwé àṣẹ, kódà níbi tí wọn ò ti ní dandan ni.

Ojú ọlọ́pàá

Ibí yìí ló ń dùn mí jù. Philando Castile ní ìwé àṣẹ. Ní oṣù Keje 2016, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró ní Minnesota. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ní ìbọn lára. Ọlọ́pàá náà yìnbọn pa á, ilé ẹjọ́ sì dá ọlọ́pàá sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ti Dijon Kizzee tún jọ ọ̀rọ̀ wa jù. Orí kẹ̀kẹ́ ló wà ní Los Angeles lóṣù Kẹjọ 2020 nígbà tí àwọn agbófinró fẹ́ dá a dúró pé ó rú òfin ìrìnnà. Ó sá, wọ́n lé e, wọ́n ní ìbọn kan jábọ́ lára rẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa á. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ìbọn tí ẹ rà nítorí olè lè di ìdí tí agbófinró fi máa sọ pé ẹ̀rù ba òun.

Ìbọn gan-an

Ká wá ní ẹ ti ro gbogbo èyí, ẹ ṣì fẹ́ rà á. Ìbọn kékeré rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n ó ń tani lọ́wọ́ ju ńlá lọ, ó sì ṣòro láti fi bá ibi tí èèyàn fojú sùn. Ruger LCP fúyẹ́ gan-an. SIG P365, tó jáde ní 2018, gba ọta 10 nínú ike ọta rẹ̀. Revolver kékeré Smith & Wesson gba márùn-ún péré, àmọ́ lílò rẹ̀ ò lọ́jú pọ̀. Èyí tí ẹ bá ti fi kọ́ṣẹ́ dáadáa ló sàn jù, kì í ṣe èyí tó wù yín lójú.

Ibi tí ẹ máa fi sí ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ máa ṣubú lọ́jọ́ kan. Bí irin bá wà ní ìbàdí tàbí ẹ̀yìn, orí irin yẹn lẹ máa já lé, ọ̀pá ẹ̀yìn ò sì ṣe é rà lọ́jà. Bí ẹ bá sì fi í sínú àpò ara kẹ̀kẹ́, ẹni tó jí kẹ̀kẹ́ ti jí ìbọn. Àkọ̀ líle tó bo ibi tí ìka ń fà, tó sì di ìbọn mú, tí ẹ so mọ́ àyà tàbí ikùn, ló dín ewu kù. Òógùn sì ń mú irin dípẹtà, ẹ máa nù ún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé

Àwọn kan l'Ékòó àti n'Ìbàdàn ti ń sọ pé àwa náà ń fẹ́ irú ẹ̀. Òfin ìbọn wa, tó ti wà láti 1959, to ìbọn ìléwọ́ pọ̀ mọ́ àwọn ohun ìjà tí a kà léèwọ̀, Ààrẹ nìkan ló lè fún èèyàn láṣẹ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ó kéré jù. Ẹni tó bá ní òun máa bá yín wá a lábẹ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló ń tà fún yín.

Èrò tèmi rèé. Ní 2022, àwọn 1,105 tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ló kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Kò sí ìbọn tó ń dá mọ́tò dúró. Akoto, iná iwájú àti ẹ̀yìn, dígí, ẹnìkejì tí ẹ jọ ń lọ, àti ata tí wọ́n ń fọ́n síni lójú, níbi tí òfin ìpínlẹ̀ yín bá ti gbà á: àwọn wọ̀nyí ló yẹ kówó kọ́kọ́ bá lọ. Fún ẹni tó bá ń lo físà, ọ̀rọ̀ ìbọn ti parí síbẹ̀. Fún ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, ẹ gbàwé àṣẹ, ẹ kọ́ṣẹ́, kí ẹ sì fi ìka tọ ọ̀nà yín lórí máàpù kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.