Àkókò Kò Dúró ní Lamu

Ọ̀rọ̀ kan kì í tán lẹ́nu àwọn arìnrìn-àjò tó bá ti Lamu dé: wọ́n ní àkókò ti dúró níbẹ̀. Wọ́n rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń ru ẹrù gba ọ̀nà tóóró tí mọ́tò kò lè gbà. Wọ́n rí ilẹ̀kùn onígi tí wọ́n fín ọnà sí lára, ilé tí wọ́n fi òkúta iyùn kọ́, àti ọkọ̀ onígbòkun létí òkun. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n padà sílé, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ayé ti gbàgbé ibẹ̀.

Irọ́ gbáà ni. Lamu, Manda àti Pate ni ó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù tó tò sí ìhà àríwá etíkun Kenya, nítòsí ààlà Somalia. Ní ọdún 2001 ni UNESCO ka ìlú àtijọ́ Lamu mọ́ ogún àgbáyé. Ṣùgbọ́n ohun tí fọ́tò kò lè gbé ni lítíréṣọ̀ ibẹ̀. Ní Pate ni Mwengo wa Athumani ti kọ Utendi wa Tambuka ní 1728, ewì gígùn lórí ogun àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú Heraclius, ọba Bizantium. Ní 1858, Mwana Kupona, opó ọba Siyu, fi ewì gba ọmọbìnrin rẹ̀ nímọ̀ràn nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ wọ́n. (Àwọn àfáà ilẹ̀ Yorùbá náà fi irú lẹ́tà yìí kọ Yorùbá, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló gbọ́ èyí rí ní kíláàsì?)

Al-Inkishafi ló tako àwọn arìnrìn-àjò náà jù. Sayyid Abdalla bin Ali bin Nasir wo àwókù ààfin àti ilé àwọn ọlọ́rọ̀ Pate, ó sì bá ọkàn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí bí ọlá ṣe ń ṣá. Ó ti tó igba ọdún báyìí. Bí àkókò ṣe ń lọ gan-an ni akéwì náà ń dárò. Ta ni yóò wá sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kò lọ?

Àwọn kan yóò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń fa àlejò, àlejò ló sì ń mówó wá. Òótọ́ ni, owó àlejò ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Lamu. Àmọ́ ìlú tí wọ́n bá ti sọ pé ó ń sùn, ẹni tó fẹ́ gbé nǹkan ka ibẹ̀ kì í rò pé ó yẹ kí òun kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tí yóò máa jó èédú síbẹ̀, àwọn ará Lamu pẹjọ́ pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ lọ aráàlú bó ṣe yẹ. Ní oṣù Kẹfà 2019, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká fagi lé ìwé àṣẹ náà. Ṣáájú ìyẹn, àwọn apẹja tí èbúté ńlá tuntun fẹ́ gba ojú omi mọ́ lọ́wọ́ ti lọ sí kóòtù, ilé ẹjọ́ gíga sì dá wọn láre ní 2018. Àwọn apẹja yìí kan náà ni àlejò ń ya ní fọ́tò lórí ọkọ̀ onígbòkun, tí ó ń kọ sábẹ́ rẹ̀ pé wọn kò mọ ohun tó ń lọ láyé.