Ẹ Má Lé Èdè Ilé Jáde Kúrò ní Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ sínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ní «insect eyes». Olùkọ́ fi gègé pupa fa ìlà sí i, ó kọ «non-sens» sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ṣí ìwé lọ. Àwa kò gbà pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ojú kòkòrò ni ọmọ náà ń wí. Ó mọ̀ pé a lè fi kòkòrò júwe ìwà ènìyàn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì kì í gba ọ̀nà yẹn. Ta ni ì bá sọ fún un, bí kò ṣe àwa olùkọ́?

Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì wa, a ó kọ «simile», «metaphor» àti «personification» sójú pátákó pẹ̀lú oríkì wọn; ọmọ yóò há wọn sórí de ọjọ́ ìdánwò. Bí a bá gbé gbólóhùn tí kò rí rí síwájú rẹ̀, ó ti pòrúurùu. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí kan náà ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà pé ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò sì béèrè adìyẹ tí ó yé e. Òye àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ti wà nínú rẹ̀ kí ó tó mọ ìwé kà. Àwa ni a kò jẹ́ kí ó mú un wọ kíláàsì.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ní èdè ilé yóò da Gẹ̀ẹ́sì rú mọ́ ọmọ lójú. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ní ayé ìjọba Faransé, wọ́n a máa gbé àmì ìtìjú kọ́ ọmọ tí ó bá sọ èdè ilé rẹ̀ nílé-ìwé lọ́rùn. Òtítọ́ ni pé ìtumọ̀ oníkóńkó ló bí «insect eyes». Ṣùgbọ́n ọmọ yóò máa túmọ̀ nínú ọkàn rẹ̀, à báà gbà, à báà kọ̀. Ìfiwéra ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe ìdákẹ́. Àwọn mìíràn ní ọmọ Gùn àti ọmọ Fọ̀n wà láàárín wọn. Àwọn náà ní òwe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un wá.

Ẹ wo bí ó ti rọrùn tó. Faransé ní «avoir les yeux plus gros que le ventre». Gẹ̀ẹ́sì ní «his eyes are bigger than his stomach». Èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló di ẹ̀bi ọ̀kánjúwà ru ojú. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni tiwọn sábà máa ń bá wí, ojú kòkòrò tiwa sì kan owó àti ohun gbogbo. Ìbéèrè mẹ́ta péré tó: Kí ni a fi wé kí ni? Níbo ni wọ́n ti jọra? Báwo ni ẹ ṣe ń wí i nílé yín?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́, ẹ bá wa sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn òbí. Ọmọ tí a bá fi yé pé kò sí ọgbọ́n nínú èdè ilé rẹ̀ yóò gbà á gbọ́, kò sì ní fi èdè náà tọ́ ọmọ tirẹ̀.