Ẹ̀bi Kò Sí Lọ́rùn Ẹranko Tí Ó Gbé Ìbọn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ní ẹjọ́ láti rò. Àwọn kan nínú wa ń wí pé géèmù, pàápàá èyí tí ẹranko ti ń yìnbọn, kò yẹ ní ohun tí ẹgbẹ́ Yorùbá ń dá sí. Wọ́n ní ohun àjèjì ni, wọ́n ní ó ń kọ́ ọmọ ní ìjà. Èmi kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan tí ó lókìkí yẹ̀ wò. Ní 2002 ni ilé-iṣẹ́ Insomniac Games ní Amẹ́ríkà gbé Ratchet & Clank jáde. Ratchet jẹ́ ẹranko tí ó fara jọ ológbò, tí ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Clank ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì kékeré tí ó máa ń pọ̀n sẹ́yìn. Ẹ̀yìn akọni yìí ni ẹni tí ń ṣeré ti ń wò ó, tí ó sì ń darí rẹ̀. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú ìbọn rẹ̀ ń fọ́ ọ̀tá túútúú. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ń sọ ọ̀tá di adìẹ. Nínú ti 2003, òmíràn ń sọ ọ́ di àgùntàn. Nínú ti 2007, ohun ìjà kan wà tí ń mú ọ̀tá jó.

Ta ni ó lè pe èyí ní àjèjì nínú wa? Ta ni kò gbọ́ ìtàn àgbọ̀nrín tí ó bọ́ awọ, tí ó di obìnrin? Bí ìbọn bá sì ni ẹ̀ṣẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pe Fágúnwà lẹ́jọ́, nítorí ọdẹ ni Àkàrà-Ògùn tí ó fi ṣe akọni ní 1938.

Ibòmíràn ni àbùkù géèmù wà. Nínú àlọ́, bí Ìjàpá bá hùwà ọ̀kánjúwà, yóò san án. Ojú ibi tí a ti lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ ṣì wà títí di òní. Nínú géèmù, akọni kú, ó tún dìde, kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Àwa tí a ní àlọ́ nílé ni ó yẹ kí a tún èyí ṣe.

Ìkòyí tí mo ń sọ kì í ṣe ti Èkó, kì í sì í ṣe ti Oníkòyí. Ìkòyí Ìjùmú ni, ní ilẹ̀ Òkun, ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Ọmọ ibẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ fóònù ń ṣe géèmù bí ọmọ ibi gbogbo, ṣùgbọ́n n kò tíì rí géèmù kan tí ẹranko inú rẹ̀ kí i pé "Òkun o".

Ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe. Maliyo Games, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, ni ó ṣe géèmù tí ó bá Iwájú, fíìmù àwòrán alápá púpọ̀ ti Disney, jáde ní 2024. Oúnjẹ ni a ń sè nínú rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ ti wà. Àwa tí ìtàn wà lọ́wọ́ wa ni a fà sẹ́yìn: a ń kó àlọ́ jọ nítorí ìdánwò, bí ìdánwò bá sì tán, eku ni ó ń jogún ìwé náà.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù wa gba àlọ́ kan sílẹ̀ lẹ́nu àgbà ìlú rẹ̀, ní ẹ̀ka èdè ìlú náà, kí ẹgbẹ́ sì gbé e lọ bá àwọn tí ń ṣe géèmù. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a bá kọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bú ọmọ tí ó mọ Ratchet tí kò mọ Ìjàpá. Ẹni tí inú bá bí, kí ó kọ èsì.