Ẹ̀yin Ìyá Tó Ń Lọ Wẹ Ọmọ Lókè-Òkun, Ẹ Gbọ́ Èyí Ná

  

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí ọjà Gbági n'Íbàdàn láti wádìí iye tí wọ́n ń ta lésì. Màmá kan ló pè mí jókòó. Ó ní, "Akọ̀ròyìn, fi lésì sílẹ̀ ná. Bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí fáwọn ẹgbẹ́ mi tó ń múra àtilọ."

Ọmọ màmá yìí jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ Maryland, l'Ámẹ́ríkà. Ó bímọ, màmá sì lọ bá a wẹ ọmọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, nọ́ọ̀sì lọ síṣẹ́ alẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, màmá wẹ àkọ́bí, ọmọ ọdún 7, ó pọn ọmọ oṣù 4 sẹ́yìn, ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ó di ibi tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ti ń gbé ọmọ. Sínóò, yìnyín funfun tó ń bọ́ bí òwú, ti mù wọ́n dé kókósẹ̀.

Wọ́n dúró, wọ́n dúró, bọ́ọ̀sì ò dé. Ọmọ ń gbọ̀n, ìka rẹ̀ le gbagidi. Òyìnbó kan tó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín níwájú ilé rẹ̀ ló pariwo pé kò sílé-ìwé lónìí!

Ṣé ẹ rí i, ilé-ìwé ti kìlọ̀ láti nǹkan bí aago 5 ìdájí. Fóònù ìyá ọmọ ni ìkìlọ̀ lọ, fóònù ọ̀hún sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù níbi iṣẹ́. Ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan. Màmá ní ojú ń ti òun. Mo ní kí wọ́n má tijú, ẹ̀bi wọn kọ́.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ní Maryland, káńtì kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀gá tó ń darí àwọn ilé-ìwé ìjọba rẹ̀. Bí sínóò bá bọ́ lóru, wọ́n á lọ yẹ títì wò, wọ́n á sì pinnu kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ á pe fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé, rédíò á kéde, orúkọ káńtì á máa kọjá nísàlẹ̀ tẹlifíṣàn.

Oríṣi ìkìlọ̀ 3 ló wà. "Closed" ni pé ilé-ìwé tì. "Delay" ni pé wọ́n á pẹ́ wọlé, ó sábà máa ń jẹ́ wákàtí 2, bọ́ọ̀sì náà á sì pẹ́. "Early dismissal" ni pé wọ́n á tètè jáde. Èyí ló léwu jù, torí bí ọmọ bá délé lọ́sàn-án gangan, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn?

Lọ́jọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2014, sínóò tí kò tó íǹṣì 3 bọ́ n'Atlanta. Ilé-ìwé àti ọ́fíìsì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, títì dí pa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló sun kíláàsì mọ́jú, àwọn míì há sínú bọ́ọ̀sì.

Ti London yàtọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu tiẹ̀, nítorí náà ti ọmọ aládùúgbò lè ṣí kí tiyín tì. Àtẹ̀jíṣẹ́ ilé-ìwé yín gan-an ni kí ẹ gbà gbọ́. Lọ́jọ́ 2 oṣù kejì, ọdún 2009, yìnyín pọ̀ débi pé wọ́n kó gbogbo bọ́ọ̀sì London kúrò lójú títì.

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Kí òtútù tó dé, ẹ ṣe báyìí:

Ẹ ní kí ọmọ yín fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ nílé-ìwé. Bí wọn ò bá gbà ju ti òbí lọ, kó wá ẹni tí yóò máa pè yín ní ìdájí.

Bí ẹnikẹ́ni bá pààrọ̀ nọ́ńbà, kí ilé-ìwé gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ mọ orúkọ káńtì dáadáa. Prince George's wà ní Maryland, Prince George sì wà ní Virginia. Ẹ má gbọ́ ti onílé kejì kí ẹ gbé e bí tiyín.

Ẹ má pa ohùn fóònù lálẹ́, kí ẹ sì ti gba iná sí i. Bí ẹ ò bá gbọ́ òyìnbó, ẹ gbé e fún ọmọ kó kà á.

Pabanbarì rẹ̀, bí ẹ bá rí yìnyín lójú fèrèsé, kí ọmọ má wọ bàtà títí ẹ ó fi gbọ́ òkodoro.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àmọ́ àgbà tí wọn ò sọ fún, báwo ni yóò ṣe mọ̀? Ẹ̀yin ọmọ tó wà lókè-òkun, ẹ sọ fún ìyá yín o.

Màmá Gbági ń padà lọ. Wọ́n ní nọ́ńbà àwọn ti wà lọ́wọ́ ilé-ìwé báyìí. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ kọ lẹ́tà sí mi. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.