Savannah tàbí Charleston?
Ọ̀rẹ́ mi kan ní Atlanta bi mí léèrè ibi tí òun lè mú ìyàwó òun lọ fún ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta: Savannah ni àbí Charleston? Ìrìn nǹkan bíi wákàtí méjì ló wà láàárín wọn nínú ọkọ̀, àwọn èèyàn a sì máa pè wọ́n ní ìbejì. Èmi ò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ sinmi lóòótọ́, kó gba Savannah lọ. Gbàgede kéékèèké méjìlélógún ló wà níbẹ̀, igi ńláńlá ṣíji bò wọ́n. Béèyàn bá rìn díẹ̀, ibi ìjókòó á tún ti dé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó tèmi la fẹ́ ná, Charleston ni mò ń lọ. Gadsden's Wharf, èbúté tí ọkọ̀ ti máa ń já àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà, ni wọ́n kọ́ International African American Museum sí, wọ́n sì ṣí i ní 2023. Ìrẹsì pupa wọn náà ń bẹ (ẹ má pè é ní jọ̀lọ́ọ̀fù lójú wọn o, bó ti wù kó jọ ọ́ tó). Láàárín ìlú méjèèjì, nítòsí Sheldon, ni Ọ̀yọ́túnjí wà, abúlé tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tẹ̀ dó ní 1970 ní ìlànà Yorùbá, tọba tòrìṣà. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi yà síbẹ̀. Kò tíì dá mi lóhùn. Owó hòtẹ́ẹ̀lì ló ṣì ń ṣírò.